Mo Ti Sọ Pé Mo Jẹ̀bi Ní Kọ́ọ̀tù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni ẹbí àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ń bi wá léraléra. Òfin Nàìjíríà la fi dáhùn wọn, àfi èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹjọ́ kan kò jọ òmíràn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà wo ìwé ẹjọ́ tiyín kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀.

Mo ti fẹnu ara mi sọ pé mo jẹ̀bi. Ṣé mo ṣì lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Abala 241 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ẹni tí Ilé Ẹjọ́ Gíga dá lẹ́bi ní ẹ̀tọ́ láti lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, kò sì yọ ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi sẹ́yìn.

Àmọ́ ọ̀nà náà há. Ẹni tó bá wọn jà á dé òpin lè sọ pé ẹlẹ́rìí purọ́, tàbí pé adájọ́ kò yẹ ẹ̀rí wò dáadáa. Ẹ̀yin kò ní ẹlẹ́rìí tí ẹ máa bá fà á, torí kò sẹ́ni tó jẹ́rìí. Ohun tó kù tí ẹ lè dì mú ni bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu yín, bóyá ẹ̀sùn náà wà nínú òfin, bóyá kọ́ọ̀tù náà lágbára láti gbọ́ ọ, àti bí ìjìyà náà ṣe tó.

Kí ló yẹ kí adájọ́ ṣe nígbà tí mo sọ pé mo jẹ̀bi?

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, sọ ọ́ ní abala 274. Adájọ́ á kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an. Á ní kí olùpẹjọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀. Á wá bi yín bóyá ohun tí olùpẹjọ́ sọ yẹn ni ẹ gbà. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gba gbogbo ohun tó sọ ìwà náà di ọ̀ràn ló tó lè dá yín lẹ́bi.

Àwọn kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá ni ACJA wà fún. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní òfin tiwọn tó jọ ọ́. Èkó ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, ní 2007. Nọ́ńbà abala lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà yìí ti pẹ́ ju gbogbo wọn lọ.

Tí wọ́n bá fo ọ̀kan nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, ibẹ̀ ni lọ́yà á ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn mí pé ẹjọ́ tó rán èèyàn lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta lè má gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní kọ́ọ̀tù tí èrò ti pọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti kánjú báyẹn ni ìgbésẹ̀ ti ń sọnù.

Kọ́ọ̀tù wo ni mo máa gbé e lọ?

Tó bá jẹ́ Májísíréètì ló dá yín lẹ́bi, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ yín ni. Tó bá jẹ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ni. Ó ní ẹ̀ka ní Èkó, Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Àbújá.

Ọjọ́ mélòó ni mo ní?

Láti Ilé Ẹjọ́ Gíga lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, 90 ọjọ́. Láti ibẹ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, 30 ọjọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ka ìdájọ́ ni a ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹbí gbọ́, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rí lọ́yà. Ní ti Májísíréètì, òfin ìpínlẹ̀ yín ló ń sọ ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá oṣù kan.

Tí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ṣì lè bẹ Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn pé kó fún yín ní àyè sí i. Ohun méjì ni wọ́n máa béèrè: ìdí gidi tí ẹ fi pẹ́, àti ìdí ẹjọ́ tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kì í ṣe ọ̀kan, méjèèjì ni. "A ń wá owó" nìkan kì í sábà tó.

Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n lè fọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé ìpẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà. Ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀ kí ọjọ́ má bàa kọjá, lọ́yà lè wá tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Ìwé wo ni mo kọ́kọ́ nílò?

Àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kọ́ọ̀tù, kí ẹ tó wá ohunkóhun mìíràn. Ohun tí adájọ́ kọ sínú ìwé rẹ̀ ni kòtẹ́milọ́rùn máa kà, wọn kò ní pe ẹ̀gbọ́n yín wá sọ ohun tó gbọ́ láti orí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Abala 36(7) ìwé òfin wa sọ pé kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fún olùjẹ́jọ́ tàbí ẹni tó bá yàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ méje tí ẹjọ́ parí. Ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé kọ́ọ̀tù, kí ẹ béèrè fún ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà lẹ́tà yín tí wọ́n ti fọwọ́ sí pé àwọn gbà á dání. Ẹ gba ìwé ẹ̀sùn pẹ̀lú.

N kò lówó lọ́yà. Ta ni mo lè lọ bá?

Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, máa ń gba ẹjọ́ ọ̀daràn fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan, ó sì ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní Èkó, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní OPD (Office of the Public Defender). Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù lábẹ́ igi lẹ́yìn kọ́ọ̀tù kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ka ẹ̀sùn náà, n kò sì gbọ́ ọ dáadáa. Ṣé ìyẹn tó?

Tí ó bá hàn nínú àkọsílẹ̀, ó tó, ó sì lágbára. Abala 36(6) fi dandan lé e pé kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún èèyàn ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ní 1988, nínú ẹjọ́ Kajubo tí gbogbo lọ́yà mọ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ to ìlànà náà lẹ́sẹẹsẹ: kí olùjẹ́jọ́ dúró níwájú kọ́ọ̀tù láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n ka ẹ̀sùn kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tó gbọ́ títí ọkàn adájọ́ á fi balẹ̀ pé ó yé e, kí òun fúnra rẹ̀ sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìgbẹ́jọ́ tó bá tàpá sí èyí dà bí ẹni pé kò wáyé.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà "òun fúnra rẹ̀". Lọ́yà kò lè bá èèyàn sọ pé ó jẹ̀bi.

Ọmọ Ẹ̀gùn láti Bàdágìrì, tàbí ọmọ Togo tí wọ́n mú ní Ṣẹ̀mẹ̀, lè gbọ́ Yorùbá ọjà kó má gbọ́ Yorùbá kọ́ọ̀tù. Ẹ wo orúkọ ògbufọ̀ nínú àkọsílẹ̀ àti èdè tí wọ́n ní ó fi ṣàlàyé. Àmọ́ tí àkọsílẹ̀ bá sọ pé wọ́n ka ẹ̀sùn, wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀, olùjẹ́jọ́ sì ní ó yé òun, kòtẹ́milọ́rùn á gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó jáde yunifásítì, tí lọ́yà rẹ̀ sì jókòó níbẹ̀ láìsọ nǹkan kan, kò ní rí ẹni gbà á gbọ́.

Ohun tí mo sọ ni pé "Mo jẹ̀bi, ẹ ṣàánú mi, n kò mọ̀ pé wọ́n jí i ni." Adájọ́ wá dá mi lẹ́bi.

Ibí yìí gan-an ni àwọn èèyàn wa ti ń kó sí wàhálà jù, ibẹ̀ náà sì ni kòtẹ́milọ́rùn ti ń rí ọ̀nà jù. Ẹ̀sùn gbígba ẹrù olè dúró lórí pé ẹni tó gbà á mọ̀ pé wọ́n jí i. Ẹni tó ní òun kò mọ̀ kò tíì gba ẹ̀sùn náà, bó ti wù kó pe "mo jẹ̀bi" tó. Ohun tó yẹ kí adájọ́ kọ ni pé kò jẹ̀bi, kí olùpẹjọ́ wá kó ẹlẹ́rìí jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ní "mo jẹ̀bi, òun ló kọ́kọ́ fi igi lù mí". Ó ń sọ pé òun ń gba ara òun sílẹ̀ ni, àwíjàre gidi sì nìyẹn lábẹ́ òfin.

Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀: bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Níwájú baálé, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tó ní "ẹ má bínú" lè má jẹ̀bi rárá, ó kàn fẹ́ kí àlàáfíà jọba, gbogbo àgbà tó jókòó ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní kọ́ọ̀tù, "ẹ má bínú" yẹn á di "guilty" nínú ìwé. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ gan-an. Tí adájọ́ bá kọ gbogbo ohun tí ẹ sọ, ẹ ní ẹjọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló kọ, ẹ wo ohun tí ẹ sọ nígbà tó béèrè bóyá ẹ ní ọ̀rọ̀ kí ó tó kéde ìjìyà. Nígbà mìíràn, inú ẹ̀bẹ̀ yẹn ni àwíjàre náà farapamọ́ sí.

Ọlọ́pàá ló ní kí n gbà, pé wọ́n á fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀sùn tí a ń gbọ́ jù nìyí, òun ló sì ṣòro jù láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Tí wọ́n bá fi ìhàlẹ̀ tàbí ìlérí fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu èèyàn, òfin kò kà á sí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tẹ́ṣàn kì í sí nínú ìwé adájọ́, kòtẹ́milọ́rùn kì í sì í fẹ́ gba ẹ̀rí tuntun.

Ẹ kó ohun tí ẹ bá ní jọ: ọjọ́ tí wọ́n mú yín àti ọjọ́ tí ẹ dé kọ́ọ̀tù, ìwé ilé ìwòsàn, lẹ́tà ẹ̀sùn tí ẹbí kọ nígbà náà, orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ fi ìwé ìbúra sọ ọ́ kíákíá. Ẹni tó dákẹ́ fún ọdún méjì kó tó sọ pé wọ́n lu òun, ó máa ṣòro kí wọ́n tó gbà á.

Ẹ má sì ṣe da sítétímẹ́ǹtì tí ẹ kọ ní tẹ́ṣàn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ níwájú adájọ́. Ẹni tó fọwọ́ sí sítétímẹ́ǹtì ṣì lè sọ ní kọ́ọ̀tù pé òun kò jẹ̀bi, kó sì ní wọ́n fipá gbà á lọ́wọ́ òun ni. Ẹni tó bá sọ pé òun jẹ̀bi ti sọ àǹfààní yẹn nù.

N kò ní lọ́yà lọ́jọ́ náà.

Ìyẹn nìkan kì í fọ́ ìdájọ́. Ìwé òfin gbà pé kí èèyàn gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò. Ohun tó ṣe kókó ni bóyá ẹ béèrè fún lọ́yà tàbí fún àkókò, tí wọ́n sì kọ̀. Ẹ̀sùn tó ní ìdájọ́ ikú nínú yàtọ̀: kọ́ọ̀tù kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láìjẹ́ pé lọ́yà wà fún olùjẹ́jọ́.

Igbó ni wọ́n ní àwọn ká mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì gbà. Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán?

Ó lè má tán. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kò lè fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí ewé tàbí ìyẹ̀fun kan jẹ́. Àyẹ̀wò onímọ̀ ló ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn NDLEA fi máa ń gbé èsì àyẹ̀wò àti ẹrù náà wá síwájú adájọ́ kódà lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gbà. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ tiyín, kí ẹ sì wo bóyá ìwọ̀n tó wà nínú èsì bá ti inú ìwé ẹ̀sùn mu.

Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni, ọmọ mi sì ní òun jẹ̀bi.

Adájọ́ kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ yẹn. Níbi tí ìjìyà bá ti jẹ́ ikú, abala 274(3) nínú ACJA ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi, kí olùpẹjọ́ sì kó ẹ̀rí rẹ̀ jáde láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan, ẹ sáré wá lọ́yà lónìí.

Mo jẹ̀bi lóòótọ́. Ìjìyà náà ló pọ̀ jù.

Ẹ lè pe ẹjọ́ lórí ìjìyà nìkan, mo sì rò pé ọ̀nà yìí ló dára jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọ̀wé sí wa. Ẹ kọ́kọ́ wo òfin tí wọ́n fi fẹ̀sùn kàn yín: ṣé ẹ̀wọ̀n náà kọjá èyí tó ga jù níbẹ̀? Ṣé owó ìtanràn wà nínú òfin náà tí adájọ́ kò wò ó? Abala 416 ACJA ní kí kọ́ọ̀tù má ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìjìyà tó ga jù, abala 460 sì fàyè gba iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n fún ọ̀ràn kéékèèké.

Kí ẹ má retí pé kòtẹ́milọ́rùn á dín in kù nítorí pé ó dun àwọn náà. Wọ́n máa ń fọwọ́ kàn án tó bá tàpá sófin, tó bá pọ̀ kọjá ààlà, tàbí tí adájọ́ bá gbójú fo ohun tó yẹ kó wò, fún àpẹẹrẹ, pé ẹ tètè gbà pé ẹ jẹ̀bi, ẹ kò fi àkókò kọ́ọ̀tù ṣòfò.

Mo bá olùpẹjọ́ ṣe àdéhùn kí n tó sọ pé mo jẹ̀bi. Ṣé mo lè padà?

Plea bargain ni àwọn lọ́yà ń pe èyí, òun ló sì ń parí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ àwọn ọmọ Yahoo tí EFCC ń gbé lọ sí kọ́ọ̀tù. Abala 270 ACJA sọ pé ìdájọ́ tó bá bá àdéhùn mu ti parí, kò sí kòtẹ́milọ́rùn, àfi tí ẹ bá ní jìbìtì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọ yín tó fọwọ́ sí ohunkóhun. "Oṣù mẹ́fà péré ni, á tètè parí" lohun tí wọ́n máa sọ fún yín. Àkọsílẹ̀ ọ̀daràn yẹn á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba físà.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀, bóyá wọ́n sọ fún un pé ó lè dákẹ́, bóyá ògbufọ̀ fọwọ́ sí i tí ògbufọ̀ bá wà, àti bóyá adájọ́ bi í pé ìfẹ́ inú rẹ̀ ni. Tí adájọ́ bá fẹ́ fún un ní ìjìyà tó ju ti àdéhùn lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un. Ó sì lè yọwọ́ níbẹ̀, kí adájọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà látilẹ̀.

Wọn kò tíì kéde ìjìyà. Ṣé mo lè yí ọ̀rọ̀ mi padà?

Ẹ sọ ọ́ fún adájọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ó tó kéde ìjìyà, ó lágbára láti gbà kí ẹ yí i padà tí ìdí tó nítumọ̀ bá wà. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ yẹn rọrùn ju ọdún méjì ní kòtẹ́milọ́rùn lọ.

Ṣé wọ́n á gba béèlì mi títí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn á fi parí?

Ó ṣòro. Kí wọ́n tó dá yín lẹ́bi, òfin kà yín sí aláìṣẹ̀. Ní báyìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ohun àrà ọ̀tọ̀ hàn: àìsàn líle tí wọn kò lè tọ́jú lẹ́wọ̀n, tàbí pé ẹ̀wọ̀n náà kúrú débi pé ẹ máa ti ṣe é tán kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́.

Ṣé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lè dá kún ìjìyà mi?

Ó lè ṣẹlẹ̀, pàápàá tí olùpẹjọ́ náà bá pe tirẹ̀. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2013, ọ̀gá kan nínú ẹjọ́ owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá sọ pé òun jẹ̀bi ní Àbújá. Wọ́n ní kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san ₦750,000, ó sì san án. Inú bí gbogbo ìlú. EFCC gbé e lọ sí kòtẹ́milọ́rùn, ní 2018 sì ni ilé ẹjọ́ náà sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà àti owó ìtanràn tó lé ní ₦22 bílíọ̀nù. Tí wọ́n bá ti fi ọwọ́ tó fúyẹ́ mú yín, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó jí ẹjọ́ tó sùn.

Tí mo bá borí, ṣé mo ti bọ́ pátápátá?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀sùn náà kò sí nínú òfin kankan, wọ́n á dá yín sílẹ̀. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín ló burú, wọ́n lè ní kí adájọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbẹ́jọ́ tí kò wáyé kò lè dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á wo bí ọ̀ràn náà ṣe wúwo tó, ọdún tó ti kọjá, ẹ̀wọ̀n tí ẹ ti ṣe, àti bóyá ó máa di ìyà àjẹtúnjẹ. Ẹni tó ti lo ọdún méjì nínú ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àbọ̀ ní ohun tó lè sọ níbẹ̀.

Ìlú London ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé òun jẹ̀bi. Ṣé bákan náà ni?

Rárá. Ní England àti Wales, ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi ní kọ́ọ̀tù Májísíréètì kò lè pe ẹjọ́ ju ti ìjìyà lọ, àfi tí ọ̀rọ̀ tó sọ bá fì sí méjì bíi ti ẹrù olè tí a sọ lókè, tàbí kí ó ní kí Májísíréètì fúnra wọn tún ẹjọ́ náà ṣí. Láti Crown Court, tó ga ju Májísíréètì lọ, ọjọ́ 28 ló ní, ó sì gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ Court of Appeal, ìyẹn kòtẹ́milọ́rùn wọn.

Ó ṣeé ṣe láti borí. Ní oṣù Igbe 2021, Court of Appeal fagi lé ìdálẹ́bi àwọn 39 tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀rọ ìṣirò Horizon ló ní owó sọnù lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sọ pé àwọn jẹ̀bi, torí ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ń bà wọ́n. Ó gba ọ̀pọ̀ wọn ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Tí kò bá ní ìwé ọmọ ìlú Britain, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì tó oṣù 12, òfin Britain ti 2007 lè lé e padà sílé, nítorí náà kó wá lọ́yà ìwé ìgbélùú mọ́ ti ọ̀daràn. Ní Amẹ́ríkà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wọn sọ ní 2010 pé lọ́yà gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún àlejò pé wọ́n lè lé e nílùú kí ó tó gbà pé òun jẹ̀bi. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni èèyàn yín ti gbà pé òun jẹ̀bi, ẹ bi í bóyá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún un, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ fún lọ́yà tuntun náà.